Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àfi Ọjà Gáàsì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó pè mí wá, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Alága ti sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìgbéyàwó kan ń bọ̀ wá gba gbọ̀ngàn yìí láago mẹ́rin. Bí ẹ bá rí àwọn alásè tí wọ́n ń gbé sìlíńdà àti ìkòkò kọjá lẹ́yìn yín, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Àwọn náà kúkú wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ.

Ọmọ Ṣàgámù ni mí. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde máa ń sọ lẹ́yìn wa, pé àwa Rẹ́mọ ò mọ òwò kankan ju obì lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Obì náà ni mo gbé wá lónìí.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín pè mí lórí fóònù, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa là á yé wa. Kí ló pa gáàsì tí ìyàwó mi fi ń se ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ogun àwọn ará Rọ́ṣíà?" Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣètò. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fi ẹ̀wà bi mí rí. Ó ju ìbéèrè àwọn ọ̀gá mi lọ.

Ìyá mi ta gbànja ní Sábó fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá mọ Sábó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọ́n á rẹ obì sómi, wọ́n á bó èèpo funfun ara rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kó lè làágùn. Wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti bá jà kúrò, wọ́n á fi ewé tẹ́ ìdí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á dì í, ó di inú ọkọ̀ Kánò. Obì kì í ṣe gààrí. Bí oòrùn bá pa á, ó gbẹ. Bí omi bá pọ̀ lára rẹ̀, ó rà. Gbogbo èrè òwò yẹn wà nínú kí obì dé òkè ọ̀hún bó ṣe kúrò nílé.

Ohun kan wà tí mi ò tètè rí ìdí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi kì í béèrè iye tí wọ́n ń ta obì ní Ṣàgámù. Èló ni wọ́n ń rà á ní Kánò ló máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Bó bá ti gbọ́ iye Kánò, á yọ owó ọkọ̀ kúrò, á yọ owó ewé, á yọ ti alágbàtà, á yọ ti èyí tó máa bàjẹ́ lọ́nà. Ohun tó bá kù, òun ni iye obì ní Ṣàgámù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, tí mo rí i bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣírò iye gáàsì ní Bonny, èbúté tí Nàìjíríà ti ń kó gáàsì lọ sí òkè òkun, tí wọ́n ń mú iye ọjà Sípéènì tàbí Jàpáànù, tí wọ́n ń yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Ìṣirò ìyá mi ni. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fún un lórúkọ ńlá.

Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni, fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Epo rọ̀bì rí bíi gààrí Ìjẹ̀bú: ẹ rọ ọ́ sínú ohunkóhun tí kò bá jò, ọkọ̀ yòówù á gbé e, ibi yòówù lẹ ti lè tà á, ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ ò fi jìnnà síra káàkiri ayé. Gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni. Bí ẹ bá fi gáàsì lásán kún àgbá kan, agbára tó wà nínú rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti inú àgbá epo rọ̀bì kan náà lọ. Ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ lórí àgbá òfìfo? Torí náà, fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó ní gáàsì ní ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ọjà: ọ̀pá irin, láti ẹnu kànga dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń rà á. Àwọn tí kò ní ọ̀pá, bí irú wa, wọ́n dáná sun ún. Òfin tó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú sísun gáàsì dànù jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1979, ó sì fi ọdún 1984 ṣe gbèdéke. Ẹ lọ dúró ní Niger Delta lóru òní kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n ya gáàsì méjì sọ́tọ̀, torí mo ti rí ìyá kan níwájú tó ń wojú mi bíi pé mò ń pa irọ́. Gáàsì inú sìlíńdà yín, propane àti butane ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn rọrùn. Ẹ fún un mọ́ inú irin, kíá ló ti di omi, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tó ń dún nínú sìlíńdà bí ẹ bá mì í. Gáàsì tí gbogbo ayé ń jà lé lórí, tó ń lọ nínú ọ̀pá, tó ń ṣiṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, methane ni. Ìyẹn lórí kunkun. Ẹ lè fún un pọ̀ títí, bíi CNG tí àwọn awakọ̀ ń rà báyìí, afẹ́fẹ́ náà ni yóò ṣì jẹ́. Kó tó di omi, àfi kí ẹ mú un tutù dé ìwọ̀n Celsius 162 nísàlẹ̀ òdo. Yìnyín inú fíríìsà yín, iná ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ti di omi, àyè tó ń gbà á dín kù ní ìlọ́po 600. Ibẹ̀ ni ọ̀nà kejì ti ṣí.

Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn, Methane Pioneer lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1959 ó gbé gáàsì olómi kúrò ní Louisiana ní Amẹ́ríkà, ó gbé e gúnlẹ̀ sí Canvey Island lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1964, Àlùjíríà ti ń kó tirẹ̀ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí òwò gidi. Ní 1969, ọkọ̀ láti Alaska dé Jàpáànù, erékùṣù tí gáàsì ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ọ̀pá irin ò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jàpáànù ló sọ òwò náà di òwò àgbà.

Obì náà sì tún ni o. Bí gáàsì olómi ṣe ń lọ lójú omi, bí wọ́n ṣe wù kí wọ́n di inú ọkọ̀ yẹn mọ́ ooru tó, díẹ̀díẹ̀ ló ń hó padà, bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ẹrù lóòjọ́. Àwọn tó kan ọkọ̀ wọ̀nyí gbọ́n: wọn kì í jẹ́ kó ṣòfò, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni wọ́n ń fi í bọ́. Ìyá mi ìbá fẹ́ràn ìyẹn. Obì tó bàjẹ́ lọ́nà Kánò kò gbé ọkọ̀ rìn rí.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò yìí fi ń wọn ọjà wọn ni MMBtu. Ẹ mú un bíi tiwa tí a ń ka obì ní igba-igba. Agbára inú MMBtu kan dín díẹ̀ sí ti sìlíńdà kílò 12 àbọ̀ méjì. Ní ọdún 2012, MMBtu kan kò tó dọ́là 3 ní Amẹ́ríkà; ní Jàpáànù ó lé ní dọ́là 16. Ọjà kan náà, lọ́dún kan náà! Amẹ́ríkà ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ láti tú gáàsì inú rẹ̀ sílẹ̀, ó wá pọ̀ lọ́wọ́ wọn, kò sì sí èbúté tó tó nǹkan tí wọ́n lè gbà kó o jáde. Jàpáànù ní tirẹ̀ ti pa àwọn ilé iná átọ́míìkì rẹ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá Fukushima ti oṣù kẹta ọdún 2011, ó ń wá gáàsì bí ẹni ń wá omi. Ẹ fojú inú wò ó kí obì jẹ́ náírà mẹ́ta ní Ṣàgámù, kó jẹ́ mẹ́rìndínlógún ní Kánò, kí ọkọ̀ má sì sí. Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ṣé ẹ máa sùn?

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ò sùn. Èbúté kan wà ní Sabine Pass, ní Louisiana, tí wọ́n ṣí ní 2008 láti fi máa gba gáàsì tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Wọ́n yí i padà, ó di èbúté tó ń kó gáàsì jáde. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016. Nígbà tó máa fi di 2023, Amẹ́ríkà ti kọjá Kátà àti Ọsirélíà, ó ti di ẹni tó ń ta gáàsì olómi jù láyé. Ọdún méje péré.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀pá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín gan-an.

Gbogbo wa la mọ̀ bí àwọn bàbá yín ṣe lówó. Láàrin òkun àti Ìbàdàn, ta ló jókòó? Ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí ọjà Ejìnrìn, ìbọn, iyọ̀, aṣọ, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló máa là kọjá, oníbodè á gba tirẹ̀. Àwa Rẹ́mọ náà gba tiwa lọ́nà Ìkòròdú, n ò ní purọ́. Bí inú bá ń bí Ìjẹ̀bú sí ẹnì kan, wọ́n á ti ọ̀nà pa. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn ló bí ogun Ìmagbọn lọ́dún 1892, nígbà tí Carter, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun wá láti Èkó.

Rọ́ṣíà ló ní gáàsì, Yúróòpù ló ń rà á, Ukraine ló jókòó láàrin. Láti ọdún 1970 ni Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ti bá àwọn ará Rọ́ṣíà dá àdéhùn: àwọn Jámánì á fún wọn ní irin ọ̀pá, wọ́n á fi gáàsì san án. Ọ̀pá náà kọjá Ukraine nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ìjọba kan. Nígbà tí ìjọba Soviet tú ká ní 1991, Ukraine jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé òun ti di oníbodè. Owó bodè dá ìjà sílẹ̀, iye tí Ukraine fúnra rẹ̀ ń ra gáàsì náà dá òmíràn sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2006 gáàsì dín kù. Ní oṣù kìíní 2009 ó dá pátápátá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú òtútù, àwọn ará Bulgaria àti Slovakia sì ń gbọ̀n nínú ilé fún ìjà tí kì í ṣe tiwọn.

Rọ́ṣíà wá ní òun ò bá oníbodè ṣe mọ́. Ó gba abẹ́ òkun Baltic, ó na ọ̀pá kan tó gùn ju kìlómítà 1,200 lọ tààrà sí Jámánì. Ọdún 2011 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nord Stream ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbóríyìn fún un nígbà yẹn. Èmi, bí mo ṣe ń wò ó lórí tábìlì iṣẹ́ mi ní Èkó, ohun tí mo rí ni pé oníbodè ni wọ́n kàn pààrọ̀. Ẹni tó ń tajà gan-an ti di oníbodè ọjà ara rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù nínú gbogbo irú oníbodè. Ní 2021, ó lé ní 40 nínú 100 gáàsì tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń rà láti ìta tó jẹ́ ti Rọ́ṣíà.

Oṣù kejì 2022, ogun bẹ́. Láàrin ọdún náà, gáàsì ọ̀pá ń dín kù, ó ń dín kù, títí Nord Stream fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, àdó olóró fọ́ ọ̀pá náà lábẹ́ òkun. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, iye gáàsì lórí ọjà TTF ti Netherlands, tí Yúróòpù fi ń wo iye, ti kọjá yúrò 300 fún MWh kan, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Nǹkan bí yúrò 20 ló sábà máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di MMBtu, ó lé ní dọ́là 80.

Akọ̀wé, ẹ̀wà yín ti fẹ́ wọ̀ ọ́ báyìí. Bí owó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbì kan, kí ni ọkọ̀ ojú omi máa ṣe? Àwọn ọkọ̀ tó ti dorí kọ Éṣíà yí orí padà lójú òkun. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gáàsì olómi Amẹ́ríkà ti ọdún yẹn, Yúróòpù ló lọ. Jámánì tí kò ní èbúté gáàsì olómi kankan rí, ó ṣe ọ̀kan sí Wilhelmshaven láàrin ohun tí kò tó ọdún kan, ó ṣí i ní oṣù kejìlá 2022. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún náà, Pakísítánì na ọwọ́ síta pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ gáàsì mẹ́wàá. Kò sí ẹnì kan, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó dá wọn lóhùn. Ilé wọn ṣókùnkùn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò sí nítòsí Ukraine, àmọ́ ẹni tó lówó jù wọ́n lọ ti dé ọjà wọn.

Lójú tèmi, ọdún 2022 ni òwe wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá gáàsì mu. Ọ̀nà ti ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà mọ ohun tí òwe yẹn ò sọ: bí ọ̀nà bá ti pọ̀ wọ ọjà, ará ìta á wá dù ú pẹ̀lú yín.

Níbo ni Nàìjíríà wà lọ́dún tí gáàsì di wúrà? Ní 1999 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra ní Bonny. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tó ń sọ gáàsì di omi, Train ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì lè ṣe tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 22 lọ́dún bí gáàsì bá ń dé ọ̀dọ̀ wọn tó. Kò dé tó. Àwọn olè ń lu ọ̀pá, ọ̀pọ̀ kànga wà ní títì pa. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2022, omíyalé bo àwọn ibi tí wọ́n ti ń fa gáàsì, Bonny sì kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ohun tó ju agbára òun lọ ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí Kánò ń ra obì ní ìlọ́po mẹ́wàá, apẹ̀rẹ̀ tiwa kò kún. Wọ́n ń kọ́ Train 7 báyìí, tí yóò sọ 22 yẹn di 30. Mo dunnú sí i, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ béèrè ta ló ń ṣọ́ ọ̀pá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan nípa Bonny tí mo fẹ́ràn. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọ́n ní láti kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé pé òun á máa rà á fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí báńkì tó máa yá èèyàn lówó ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìrí oníbàárà. Wọ́n á kọ orúkọ èbúté tí ọjà máa gúnlẹ̀ sí sínú ìwé, iye á sì máa tẹ̀lé iye epo rọ̀bì. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ítálì, Enel, wà lára àwọn tó fọwọ́ síwèé ní 1992. Ó wá ku díẹ̀, wọn ò rí ibi kọ́ èbúté sí nílé wọn, wọ́n ní àwọn ò rà á mọ́. Ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́. Ibi tó parí sí ni pé gáàsì Bonny bọ́ sílẹ̀ ní Faransé, Faransé ń lò ó, Faransé wá ń fi gáàsì mìíràn dí i fún Ítálì. Gáàsì wa ò fojú kan Ítálì rárá, Ítálì sì ń sanwó rẹ̀. Bí alágbàtà obì méjì bá jókòó sídìí ife tíì kan ní Sábó, irú nǹkan tí wọ́n á ṣe nìyẹn.

Ti ilé ńkọ́? Ọ̀pá kan wà tó wá láti Escravos ní Niger Delta dé Èkó láti ọdún 1989. Ẹ̀ka rẹ̀ kan yà sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ṣàgámù, òmíràn yà sí Ewékorò. Ó dé Ìtòkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ibẹ̀ ni ọ̀pá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti gbà á, ó gba Àgbádárìgì wọ inú òkun, gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678, ó ń pín gáàsì fún Kútọnu, Lomé, Tema, Takoradi. Ní oṣù kẹjọ 2012, àwọn olè ojú omi fẹ́ wọ ọkọ̀ epo kan nítòsí Lomé. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà wọ́ lọ sílẹ̀ òkun, ó fa ọ̀pá ya. Ó tó bí ọdún kan kí gáàsì tó tún máa dé Gánà. Ẹ wò ó bí ọ̀nà kan ṣoṣo ṣe rí.

Gáàsì tó ń lọ sí àwọn ilé mọ̀nàmọ́ná wa, ìjọba ló ń dá iye lé e: ní 2024, dọ́là 2.42 fún MMBtu. Àwọn tó ń ta á ń ráhùn pé ó kéré, wọ́n sì tún ń ráhùn pé gbèsè pọ̀. Ẹ rántí dọ́là 80 ti Yúróòpù, kí ẹ wá fi ara yín sípò ẹni tó ní kànga. N ò ní kí wọ́n ta á fún wa ní 80 o! Mo kàn ń sọ ìdí tí ojú wọn fi máa ń wà lójú omi.

Àwọn kan ní ká na ọ̀pá gba Niger àti aṣálẹ̀ Sàhárà dé Àlùjíríà; àdéhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 2009. Àwọn míì ní ká gba etí òkun dé Morocco, ká kọjá lẹ́nu ọ̀nà orílẹ̀-èdè tó ju mẹ́wàá lọ. Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa oníbodè. Ní oṣù keje 2023 ológun gbàjọba ní Niger, a ti ẹnubodè wa pa mọ́ wọn. Ká ní ọ̀pá ti wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ojú omi náà kò bọ́ lọ́wọ́ oníbodè, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Gáàsì Kátà, tí ó lè ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 77 lọ́dún ní 2024, tóóró omi kan ló máa ń gbà jáde, Hormuz. Bí ìdá kan nínú márùn-ún gáàsì olómi ayé ló kọjá níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní òpin 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àdó lu ọkọ̀ ní Òkun Pupa; nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọkọ̀ Kátà tó ń lọ sí Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo Áfíríkà po, ó ń gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀dá omi ní Panama ní 2023 sì lé ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà jíjìn lọ sí Éṣíà.

Ó ku gáàsì ìdáná. Láti 2007 ni Bonny ti ń kó propane àti butane wá fún wa nílé, ní 2022 wọ́n sì kéde pé gbogbo èyí tí àwọn bá ṣe, ilé ni yóò máa wá. Kò tó wa, a ṣì ń kó òmíràn wá láti òkè òkun. Èyí tó ti òkè òkun wá, dọ́là la fi ń rà á. Èyí tó ti Bonny wá, iye òkè òkun ni wọ́n fi ń wò ó. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà 2023, kílò kan kọjá ẹgbẹ̀rún náírà, gáàsì kò sì dín kù nínú ayé. Ìyá mi ní Sábó ló ṣì ń ṣírò. Iye Kánò ló ń wò, Kánò tiwa ti wá di Amẹ́ríkà.

Ìyá kan bi mí, nígbà tí mo ní mo ti parí, pé kí ló dé tí gáàsì fi máa ń gbówó lórí nígbà Kérésì. Mo ní ọdún tiwa àti òtútù tiwọn ló bọ́ sí àkókò kan náà: àwọn náà ń fi propane mú ilé wọn gbóná. Ó ní ṣé kóun ra sìlíńdà tòun kún ní oṣù kẹsàn-án ni? Mo ní bí àyè bá wà tó jìnnà síná, ẹ rà á.

Bàbá kan wá dìde láti ẹ̀yìn, ó fọwọ́ lé ọ̀pá. Ó ní, "Ìwọ ọmọ Rẹ́mọ, o sọ pé a ti ọ̀nà pa. O ò sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lọ la ọ̀nà Oǹdó lẹ́yìn wa láti lè yẹ̀ wá sílẹ̀, kó tó di pé ogun dé."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, bàbá, Nord Stream tiwọn nìyẹn.

"Ọ̀nà yẹn jìn. Nígbà tí ogun parí, tí ọ̀nà wa ṣí, ibo ni àwọn oníṣòwò gbà?"

"Ọ̀nà yín ni, bàbá. Òun ló yá jù."

"Ọ̀pá Rọ́ṣíà ńkọ́?"

Mo sọ fún wọn pé èyí tó ń gba Ukraine ti dákẹ́ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, àti pé àwọn ìjọba Yúróòpù ní àwọn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ gáàsì Rọ́ṣíà kí ọdún 2027 tó parí.

"Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀," bàbá ní. "Àwọn tó ń fi owó ara wọn rà á ńkọ́?"

Kí n tó la ẹnu, àwọn alásè ti ń gbé ìkòkò ìrẹsì wọlé láti ẹnu ọ̀nà méjèèjì, alága sì ti dìde.